Àpò sìmẹ́ǹtì 79 di 45: ìwé iṣẹ́ yàrá ẹ̀yìnkùlé wa nísàlẹ̀ Mápó

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀

Òjò oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún 2024 ló wó apá ẹ̀yìn ilé wa. Kò wó tán. Ògiri ìhà ìwọ̀-oòrùn sùn sílẹ̀ lóru, òrùlé tẹ̀ lé e dé ìdajì, ìyókù wá dúró bí ẹni tó mu ẹmu yó. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, iṣu àti ìkòkò Màmá nìkan ló wà níbẹ̀.

Ilé alámọ̀ ni, bàbá bàbá mi ló kọ́ ọ. Màmá ní nígbà tí wọ́n gbé òun wọlé ní ìyàwó, ilé àtijọ́ ni wọ́n ti ń pè é. Ẹbí ṣèpàdé, wọ́n ní kí n kó ohun tó wó kúrò, kí n kọ́ yàrá méjì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kékeré sójú ibẹ̀ fún Màmá, ẹsẹ̀ bàtà 24 ní gígùn, 12 ní ìbú. Kò sí ẹni tó jà. (Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ ilé ẹbí n'Íbàdàn á mọ̀ pé ìyẹn nìkan tó ohun tí à ń kọ sínú ìwé.)

Bàbá Bíríkìlà wá wọn ilẹ̀. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọn kì í lo fóònù láti ṣírò. Ẹ̀yìn páálí ìṣó ni wọ́n kọ ọ́ sí: ìpìlẹ̀ àti ilẹ̀ yàrá, àpò sìmẹ́ǹtì 24, búlọ́ọ̀kù, 18, títò búlọ́ọ̀kù, 9, lẹ́ńtẹ̀, 6, pẹ́lásítà, 22. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 79.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àpò mọ́kàndínlọ́gọ́rin fún yàrá méjì?"

Wọ́n ní, "Tíṣà, ilé kì í jẹ sìmẹ́ǹtì kó ní òun yó."

Kẹ́mísìrì ni mò ń kọ́ ní iléèwé girama. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ ọ́ sójú pátákó: CaCO₃, ìyẹn òkúta ẹfun, wọ iná, CaO ṣẹ́ kù, CO₂, afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé gbóná, gba ojú ọ̀run lọ. Àwọn ọmọ á dà á kọ, wọ́n á gbàgbé. Èmi náà kò sì fi í ṣe ìlọ́po iye àpò tó wọ ọgbà mi rí. Òkúta ẹfun, irú èyí tí wọ́n ti ń fi ṣe sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò láti ọdún 1960, ni wọ́n ń lọ̀, tí wọ́n ń sun nínú iná tó gbóná tó ìwọ̀n 1,450 lórí sẹ́ńtígíréèdì. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé ó lé ní ìdajì nínú CO₂ tó ń jáde níbẹ̀ tí kì í ṣe ti ohun tí wọ́n fi dáná. Inú òkúta gan-an ló ti ń jáde. Ìbáà jẹ́ oòrùn ni wọ́n fi sun ún, òkúta yẹn á ṣì tú tirẹ̀ sílẹ̀. Àpò kan tó jẹ́ kìlò 50 ń mú bíi kìlò CO₂ 30 sí 40 lọ́wọ́, ó dá lórí ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn. Sìmẹ́ǹtì nìkan ń kó bíi ìdá méje sí mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún CO₂ tí ọmọ ènìyàn ń tú sáfẹ́fẹ́ ní gbogbo ayé. Àpò 79 tèmi, tọ́ọ̀nù 2.4 sí 3.2. Nítorí yàrá méjì tí ìyá àgbàlagbà kan fẹ́ máa sùn.

Mo bá pinnu pé a ò ní wó ìyókù ilé yẹn. A máa tú u ni. Yorùbá ti ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ fún wa: ilé tí a wó di àlàpà, ilé tí a tú di ẹrù.

Kì í ṣe ìfẹ́ ojú ọ̀run nìkan ló sún mi ṣe é, kí n má purọ́. Tìpà kò lè wọ ọ̀nà wa. Ojú títì ló máa ń da iyẹ̀pẹ̀ sí, àwọn lébìrà á wá máa rù ú gba àárín ilé onílé kọjá, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́fà ní àlọ nìkan. Owó ẹrù yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó iyẹ̀pẹ̀. Bẹ́ẹ̀ òkìtì amọ̀ tó tó tìpà bíi mélòó kan wà lójú ibi tí a fẹ́ kọ́lé sí. Ta ló máa sanwó kí wọ́n ru ìyẹn jáde, kó tún sanwó kí wọ́n ru òmíràn wọlé?

Àbúrò mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù pariwo lórí WhatsApp pé circular economy ni mo fẹ́ ṣe yẹn, ìyẹn kí èèyàn máa lo ohun àtijọ́ padà dípò kó sọ ọ́ nù. Ó sọ fún mi nípa BedZED, àdúgbò kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n parí lọ́dún 2002, níbi tó jẹ́ pé irin àlòkù ni èyí tó pọ̀ jù nínú irin tó gbé ilé dúró, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì wá láti ibùdókọ̀ rélùwéè Brighton nígbà tí wọ́n ń tún un ṣe. Mo kà á fún Màmá. Màmá ní, "Àwọn náà ń ṣọ́ nǹkan lò."

Sátidé 9 oṣù Bélú: páànù, àti ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀

A bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ọ̀gá Kápẹ́ńtà ní ohun tí wọ́n kàn kẹ́yìn ni à ń kọ́kọ́ tú.

Páànù 62 ló sọ̀ kalẹ̀. Mo gbé ọ̀kan, mo sì lọ gbé tuntun wò ní ṣọ́ọ̀bù tó wà lójú títì: ti àtijọ́ yẹn nípọn, ó wúwo ju tuntun lọ dáadáa. Ó ti dípẹtà, ó pupa bí gbogbo òrùlé Ìbàdàn tí èèyàn ń rí láti orí òkè Mápó. A fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á. Méjìdínlógójì ló ṣì le. Mẹ́rìnlélógún ti jẹ lójú ìṣó, mo tà wọ́n fún onírin àlòkù. Ó ní Ìkòròdú ni ìrìn wọn máa parí sí, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irú irin bẹ́ẹ̀ di ọ̀pá irin ìkọ́lé.

Lábẹ́ páànù la ti bá ohun tí a kò retí. Síìlìn tí bàbá mi kàn síbẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé: pẹlẹbẹ, aláwọ̀ eérú, ó le bí àwo. Ọ̀gá Kápẹ́ńtà ti gbé hámà sókè. Mo kígbe mọ́ ọn débi pé Màmá jáde.

Irú síìlìn báyìí nínú ilé ayé ìgbà yẹn, ẹ kà á sí asbestos, òkúta onífọ́nrán tí wọ́n máa ń pò mọ́ sìmẹ́ǹtì, títí àyẹ̀wò á fi sọ nǹkan mìíràn. Bó bá wà lókè láìfọ́, kò ní í bá ẹnikẹ́ni jà. Ìgbà tó bá fọ́ ni eruku rẹ̀, tí ojú kò lè rí, ń wọ ẹ̀dọ̀fóró. Àjọ ìlera àgbáyé WHO ní gbogbo oríṣi rẹ̀ ló ń fa jẹjẹrẹ, ó sì lè gba ogún ọdún tàbí ogójì kó tó fara hàn. Mo dá iṣẹ́ dúró. A padà sí i lọ́jọ́ kejì, èmi àti Ọ̀gá Kápẹ́ńtà nìkan, pẹ̀lú ìbòmú gidi tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń fọ́n ọ̀dà sára mọ́tò, kì í ṣe aṣọ. A pò ọṣẹ mọ́ omi, a fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ́n oògùn sóko wọ́n ọn títí ó fi tutù, a yọ ìṣó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a gbé e sọ̀ kalẹ̀ láìfọ́. Mẹ́ta ló fọ́. A dì gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá tó nípọn ní ìpele méjì, a lẹ̀ ẹ́ pa, mo kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sára rẹ̀. A kò gbálẹ̀ gbígbẹ, àkísà tútù la fi nù ún, àkísà náà sì wọ inú ọ̀rá.

Nírọ̀lẹ́, ọkùnrin kan wá ní òun máa ra síìlìn náà, pé ẹnì kan ń kọ́lé adìyẹ. Owó tó pè kò kéré. Mo ní rárá. Ó rò pé mò ń nájà, ó fi owó lé e. Gbogbo bí mo ṣe ń pariwo pé ká má jẹ́ kí nǹkan ṣòfò, eléyìí ni mo fẹ́ kó ṣòfò, kó má sì dé ọwọ́ ẹlòmíràn mọ́.

Sátidé 16 oṣù Bélú: pákó

Ìrókò. Ọ̀gá Kápẹ́ńtà fi èékánná ha ojú ọ̀kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ikán ti jẹ gbogbo ara tó wà lẹ́bàá èèpo, ibẹ̀ ti di ìyẹ̀fun, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ tó pọ́n kò gbà fún wọn. A fi àáké kékeré gbẹ́ èyí tó jẹrà kúrò. Igi ńlá 14 tó gbé àjà àti òrùlé ró, àti pákó 31, ló kù tó ṣe é lò.

Ìyá Ẹlẹ́kọ tó wà lójúlé kejì ti wá bẹ Màmá láti àná pé kí a fi igi yẹn ṣe àánú fún òun. Èmi kì í ṣe ahun, mo fún un ní gbogbo èyí tí ikán ti jẹ àti àfọ́kù, ó tó o dáná oṣù kan. Ṣùgbọ́n ìrókò tó yè, mi ò lè fi í dáná. Bí igi bá gbẹ, bíi ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ ló jẹ́ kábọ́nì tó fà láti inú afẹ́fẹ́ nígbà tó ń dàgbà. Kìlò igi gbígbẹ kan tó bá jóná á dá nǹkan bíi kìlò CO₂ 1.8 padà sáfẹ́fẹ́. Ohun tí igbó kan ti kó pa mọ́ kí wọ́n tó bí Màmá, tó sì ti wà lókè orí wa láti ìgbà náà, oṣù díẹ̀ péré lábẹ́ ìkòkò ẹ̀kọ ló máa ná an.

Ìṣó ni wàhálà. Àwọn ọmọ ilé fi ọjọ́ méjì yọ ọ́, mo ń san náírà mẹ́wàá lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di òtòṣì. Èyí tó gùn, a nà á lórí òkúta fún lílò mìíràn.

Sátidé 23 àti 30 oṣù Bélú: ògiri

Nígbà tí a ń tú ògiri ni mo tó mọ ohun tó pa ilé yìí. Nígbà tí ọwọ́ bàbá mi le díẹ̀, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì pẹ́lásítà ògiri amọ̀ náà níta, kó lè dà bí ilé ìgbàlódé. Amọ̀ a máa mu omi, a sì máa tú u jáde nígbà tí oòrùn bá ràn. Sìmẹ́ǹtì kò jẹ́ kó tú u jáde. Omi wọlé láti ojú ibi tó sán, ó há sẹ́yìn pẹ́lásítà, ògiri ń rà níbi tí ojú kò tó. Ibi tí pẹ́lásítà ti ṣí kúrò tipẹ́, tí Màmá máa ń tijú rẹ̀ bí àlejò bá dé, ibẹ̀ ni amọ̀ ti le jù. Ìhà ìwọ̀-oòrùn tó ń dán ló wó.

Nítorí náà a ní láti ṣá pẹ́lásítà kúrò kí a tó fọwọ́ kan amọ̀. Ó gba ọjọ́ méjì. Àfọ́kù rẹ̀ kò ṣòfò: a kó o jọ láti fi kún abẹ́ ilẹ̀ yàrá dípò òkúta tí à bá rà.

Amọ̀ fúnra rẹ̀, ó dùn mọ́ mi nínú. A wó o sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, a bu omi lù ú, a fi í sílẹ̀ mọ́júmọ́. Lówùúrọ̀ ó ti padà di amọ̀ bí ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́ ẹ. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láé; ẹ lè fọ́ ọ di òkúta wẹ́wẹ́, ẹ kò lè sọ ọ́ di sìmẹ́ǹtì mọ́.

Mo bu díẹ̀ lọ sí iléèwé. Àwọn ọmọ SS2 da á sínú ìgò, wọ́n bomi kún un, wọ́n mì ín, a gbé e kalẹ̀. Yanrìn kọ́kọ́ jókòó, lẹ́yìn náà ìyẹ̀fun ilẹ̀, amọ̀ ló gbẹ̀yìn, ó fi odindi ọjọ́ kan lọ́ra. Yanrìn kó ju ìdajì lọ, amọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú márùn-ún. Ó dára. Amọ̀ tó pọ̀ jù á sán, tó bá kéré jù kò ní í di ara rẹ̀ mú. Bàbá Bíríkìlà wo ìgò wa, wọ́n bu ilẹ̀ náà sẹ́nu, wọ́n jẹ ẹ́ díẹ̀, wọ́n tutọ́ dànù. "Ó ní yanrìn dáadáa." Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún.

Sátidé 7 oṣù Ọ̀pẹ: búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ bàjẹ́

Mo yá ẹ̀rọ ìtẹ̀ búlọ́ọ̀kù lọ́wọ́ wẹ́dà kan tó fara wé èyí tí wọ́n ń pè ní CINVA-Ram, tí Raúl Ramírez ṣe ní ìlú Bogotá, lórílẹ̀-èdè Kòlóḿbíà, ní àárín ọdún 1950 sí 1960. Kò lo iná, kò lo epo. Ẹ da ilẹ̀ sínú àpótí rẹ̀, ẹ dé e, ẹni méjì á fà ọ̀pá gígùn rẹ̀ wálẹ̀, búlọ́ọ̀kù á jáde. NBRRI, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí lórí ilé àti ọ̀nà, ti ń polówó irú búlọ́ọ̀kù ilẹ̀ títẹ̀ báyìí tipẹ́, tàwọn ló máa ń há mọ́ ara wọn.

Láti mọ iye sìmẹ́ǹtì tó yẹ, Ọ̀gá Kápẹ́ńtà kan àpótí tóóró kan fún mi, 60 sẹ̀ńtímítà ní gígùn, mẹ́rin ní ìbú, mẹ́rin ní jíjìn. Mo ti kún un pẹ̀lú ilẹ̀ tútù láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo sá a sóòrùn ọjọ́ mẹ́ta. Ó sún kì mílímítà 22. Tí kò bá tó 15, ìwọ̀n sìmẹ́ǹtì kan sí ilẹ̀ 18 ti tó. Láàárín 15 sí 30, kan sí 16. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, sìmẹ́ǹtì á máa pọ̀ sí i. Kan sí 16 ni a mú. Hẹ́dìpáànù sìmẹ́ǹtì kan, hẹ́dìpáànù ilẹ̀ 16.

Búlọ́ọ̀kù 120 la tẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Inú gbogbo wa dùn. Mo pa á tì sójú oòrùn, mo lọ sílé.

Sátidé 14 oṣù Ọ̀pẹ

Ọyẹ́ ti dé. Mo gbé búlọ́ọ̀kù kan, igun rẹ̀ já bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo gbé òmíràn, ó pín sí méjì. Nínú èyí tó pín ni mo ti rí àfọ́kù pẹ́lásítà tó tó ẹ̀pà, pẹ̀lú gbòǹgbò koríko. A kò jọ̀ ọ́ dáadáa, ìyẹn jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ àwọn lébìrà. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ló tóbi jù: sìmẹ́ǹtì nílò omi lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́, mo sì fi í sílẹ̀ fún oòrùn àti ọyẹ́ láti fa omi rẹ̀ gbẹ. Tíṣà kẹ́mísìrì! Àpò kan àti iṣẹ́ ọjọ́ kan ló lọ. Ilẹ̀ tó ti ní sìmẹ́ǹtì nínú kò sì ṣe é pò padà. Abẹ́ ilẹ̀ yàrá ni òun náà wọ̀.

A ra asẹ́ onírin olójú mílímítà márùn-ún. A fi páànù àtijọ́ ṣe àtíbàbà. Láti ọjọ́ yẹn, búlọ́ọ̀kù tí a bá tẹ̀ á sùn sábẹ́ àtíbàbà, a ó fi ọ̀rá bò ó, Màmá á bu omi wọ́n ọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ 14. Màmá di ọ̀gá lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ṣí ọ̀rá láìtọrọ, ó rí ìjà.

Sátidé 11 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025

Búlọ́ọ̀kù 1,700 ti pé, ó gba àpò 14, yàtọ̀ sí ọ̀kan tó ṣòfò. Ẹni tó bá fi igi lù ú, ó ń dún bí ìkòkò.

Ìpìlẹ̀ kò ní ìtàn púpọ̀. Mi ò bá Bàbá Bíríkìlà jiyàn níbẹ̀, ilẹ̀ tí omi ń gbà lórí òkè kì í ṣe ibi tí à ń dánra wò. Òkúta ìpìlẹ̀ àtijọ́ padà sínú ihò, a gbé e sókè ní ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀ kúrò nílẹ̀, a tẹ́ ọ̀rá dúdú lé e kí omi ilẹ̀ má bàa gòkè. Sìmẹ́ǹtì 21 dípò 24. Wọ́n fi ọ̀pá irin àlòkù lọ̀ mí ní ìdajì owó, èyí tí wọ́n tú láti ara ilé tó wó, tí wọ́n fi hámà nà. Mo wò ó, ojú ibi tí wọ́n ti nà á ti ń sán. Tuntun ni mo rà. Irin àlòkù náà kúkú ni tuntun ọ̀hún tẹ́lẹ̀, iná ló kàn gbà kọjá.

Oṣù Èrèlé: ògiri

Bàbá Bíríkìlà kò fẹ́ràn búlọ́ọ̀kù wa. Ó kéré, wọ́n ní ó dà bí ẹni ń to páálí ìṣáná. Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi ráhùn. Lọ́sẹ̀ kejì mo bá wọn tí wọ́n ń fi ọwọ́ pa ògiri, wọ́n dákẹ́, wọ́n wá ní, "Irú èyí ni bàbá mi fi kọ́ mi níṣẹ́. Ṣùgbọ́n a ò ní ẹ̀rọ."

Láti ọjọ́ yẹn ni ìmọ̀ràn bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọ̀dọ̀ wọn wá. Àwọn ló ní ògiri tó pín yàrá sí méjì kò rí òjò, kí ló fẹ́ fi sìmẹ́ǹtì ṣe? A fi amọ̀ àtijọ́ lásán, tí a gé koríko gbígbẹ sí, ṣe búlọ́ọ̀kù ńlá nínú férémù pákó, a sá a, a fi amọ̀ tò ó. Kò sí hóró sìmẹ́ǹtì kan nínú rẹ̀. Àwọn náà ló ní kí a gbé ìrókò sórí fèrèsé dípò lẹ́ńtẹ̀: gé e kó gùn kọjá fèrèsé ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan lọ́tùn-ún lósì. Ojú ilẹ̀kùn iwájú tó fẹ̀ nìkan ló jẹ sìmẹ́ǹtì, àpò méjì dípò mẹ́fà.

Nígbà tí ògiri parí ni mo jókòó ṣírò, ìṣirò náà sì dójú tì mí díẹ̀. Gbogbo ariwo tí mo pa lórí búlọ́ọ̀kù: 18 ni ti Bàbá, 15 ni tèmi tí a bá ka èyí tó ṣòfò mọ́ ọn. Àpò mẹ́ta péré! Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ń tà lójú títì kò ní sìmẹ́ǹtì púpọ̀ nínú rí, yanrìn ló pọ̀ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ ní èyí tó yẹ kó ní. Ibi tí sìmẹ́ǹtì ti ń lọ tí a kì í kà á ni títò àti pẹ́lásítà. Búlọ́ọ̀kù wa gún régé, ilẹ̀ àti sìmẹ́ǹtì díẹ̀ la fi tò ó ní tẹ́ẹ́rẹ́: àpò mẹ́rin dípò mẹ́sàn-án. Ojú rẹ̀ dán tó bẹ́ẹ̀ tí kò nílò pẹ́lásítà: àpò mẹ́ta fún ìsàlẹ̀ tí òjò ń ta sí, dípò 22. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ bá fẹ́ kọ́lé. Àpò 19 nínú 34 tí a yọ kúrò, ara ohun tí a kò fi kun ògiri ló ti wá.

21, 15, 4, 2, 3. Àpò 45. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí a kò rà jẹ́ nǹkan bíi tọ́ọ̀nù CO₂ kan sí 1.4. Àbúrò mi ní kí n yọ ti ẹ̀rọ àti ìrìn mi kúrò nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń lọ, ẹ̀rọ sì ń jẹ ẹ̀bà.

Sátidé 8 oṣù Ẹrẹ́nà: ẹnu ayùn

A kó igi ìrókò mẹ́jọ lọ sí ibi ìlagi kí wọ́n là á fún òrùlé. Ọ̀gá ibẹ̀ wo igi wa, ó ní òun kì í fi ẹ̀rọ òun kan igi ilé. Mo búra pé a ti yọ gbogbo ìṣó. Igi kejì, ẹ̀rọ ké, iná ta, eyín ayùn mẹ́ta fò. Ìṣó kan tí orí rẹ̀ ti já tipẹ́ wà nínú ikùn igi. Mo sanwó ayùn, mo tọrọ àforíjì, a kó ẹrù wa.

Ẹni tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò ló gbà mí. Ó yọ mágínẹ́ẹ̀tì kúrò nínú sípíkà tó ti kú, ó so okùn mọ́ ọn. Mo rọra ń fà á kọjá lórí igi. Ibi tó bá ti yí orí padà, ìṣó wà níbẹ̀. Mọ́kànlá la tún rí nínú igi tí mo búra lé lórí. Ayùn ọwọ́ la fi parí ìyókù, ọjọ́ mẹ́rin.

Páànù tuntun ló bo yàrá, mi ò lè fi páànù olójú ihò bo orí ìyá mi. Àtijọ́ 38 bo ilé ìdáná àti ibi tí ewúrẹ́ ń sùn. Ìmú òrùlé yọ síta ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta yíká, torí ògiri tí kò wọ ẹ̀wù ní láti ní agboòrùn.

Sátidé 12 oṣù Igbe

Òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, pẹ̀lú atẹ́gùn. Mo dé ibẹ̀ láàárọ̀ yìí kí n tó fọnu. Ìhà ìwọ̀-oòrùn tutù dé ìwọ̀n orúnkún, kò rà. Igun kan níbi tí omi òrùlé ilé ẹlòmíràn ti ń dà sọ́dọ̀ wa ti jẹ díẹ̀, bí ẹni fi ṣíbí bù ú. A máa fi gọ́tà gbà á. Inú yàrá tutù nígbà tí ìta ń jóná. Màmá ti gbé ẹní rẹ̀ wọlé láìdúró de ẹnikẹ́ni.

Ọ̀gá Kápẹ́ńtà ṣì ń bínú sí mi nítorí bóòtì. Mo ní kó má fi ìṣó kan igi òrùlé mọ́ra, kó lu ihò, kó fi bóòtì àti nọ́ọ̀tì dè é. Ó ní iṣẹ́ ọjọ́ méjì di ọjọ́ márùn-ún. Ó béèrè lọ́wọ́ mi níwájú gbogbo ènìyàn pé, "Àǹtí, ta ló tún fẹ́ wá tú u?"

Bóòtì 52 ló wọlé. Mo fi sípánà rẹ̀ kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ẹrù síìlìn yẹn ṣì wà ní igun ọgbà nínú ọ̀rá rẹ̀, mo ti lọ sí ọ́fíìsì méjì, àwọn méjèèjì ní kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn.